Ẹlẹ́dẹ̀ Gamkalley àti Àyè Ọwọ́ Òsì Bàbá Mi

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé, ẹ kú àbójútó, ẹ kú àdúrà orí wa. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Niamey níbí, àyà mi kan ilẹ̀ gbagada. Ìyá mi ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo kí Bùrọ̀dá mi àti ìyàwó wọn, mo kí àwọn ọmọ kéwú tó ń jókòó yí yín ká lábẹ́ igi máńgòrò. Àsàlámù àlékúmù fún gbogbo agbo ilé.

Bàbá, ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo gbà kí yín. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo fi rán onímọ́tò sí yín, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló padà wá bá mi bí mo ṣe lẹ̀ ẹ́. Bùtá àlùwàlá tí mo rà fún yín náà padà wá, bébà tí mo fi dì í ò tilẹ̀ ya. Onímọ́tò yẹn ò lè wò mí lójú. Ó ní ẹ ní kí n máa fi fọ ẹnu ara mi. Háà! Mo jókòó sórí àpò ẹlẹ́rù kan ní ibùdókọ̀, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Nígbà tó ti jẹ́ pé ojú ọjà ni wọ́n ti bà mí lórúkọ jẹ́, ojú ọjà náà ni màá ti dáhùn. Ìwé ìròyìn yìí ń dé Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ẹ̀yin ò bá kà á, ẹnìkan á kà á sí yín létí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Ohun tí mò ń tọrọ ò pọ̀. Iléyá ń bọ̀, mo fẹ́ wálé. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ máa jẹ́ kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní Yídì, lọ́wọ́ òsì yín, níbi tí mo ti ń dúró láti ìgbà tí orí mi ò tíì ga ju ìbàdí yín lọ. Ìyẹn nìkan ni. Kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe ogún.

Wọ́n ní mo ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n ní mo ń sìn ín, mo sì ń tà á fún òyìnbó. Wàláhì, irọ́ ni! Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ò kan ètè mi rí, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, kí n sì sọ èyí tó burú jù ú lọ, èyí tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún yín.

Ẹ rántí pé aṣọ ni mo wá tà. Mo ń gbé àǹkárá lórí láti ọjà Petit Marché títí dé àdúgbò Koira Kano, mo ń kan ilẹ̀kùn àwọn ìyàwó ọlọ́lá. Ìlú yìí ń yọ̀ ṣìnkìn nígbà náà. Òkúta kan ni wọ́n ń wà lábẹ́ yanrìn lápá òkè lọ́hùn-ún, ní Arlit, yúréníọ̀mù ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní òyìnbó ń fi í dáná mànàmáná. Owó rẹ̀ ń kọ́ ilé alájà, ó ń la títì, mọ́tò àwọn sójà tó ń ṣèjọba ń kọjá fìrì fìrì. Gbogbo wa rò pé yóò kàn wá. Èmi ò rí ju eruku mọ́tò wọn lọ. Lọ́dún tí odò kún, omi wọ yàrá mi ní Gamkalley, ó ba gbogbo aṣọ mi jẹ́ tán, àwọ̀ ọ̀kan wọ èkejì. Mo sá wọn sóòrùn, wọ́n gbẹ, wọ́n sì di àkísà.

Ẹni tó gbà mí sílé ni Bàbá Súmáná, ọmọ Zarma, àgbàlagbà tó ń dáko ẹ̀fọ́ létí odò ní Gamkalley. Ó ní yàrá kékeré kan lẹ́bàá kànga rẹ̀, ó ní kí n máa sùn níbẹ̀ títí Ọlọ́run yóò fi ṣí ọ̀nà. Kò gba kọ́bọ̀. Ní àárọ̀ á kí mi ní fofo, èmi á kí i ní ẹ kú àárọ̀, àwa méjèèjì á wá fi Hausa tí kò já geere parí ìyókù. Ó jọ yín bó bá ń ṣàlùwàlá, torí kì í kánjú.

Ibẹ̀ ni mo ti bá ẹlẹ́dẹ̀ pàdé. Òyìnbó kan ló ń sin wọ́n nísàlẹ̀ odò, fún àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta yẹn. Nígbà tó kó lọ sílùú rẹ̀, kò sẹ́ni tó bójú tó ọgbà náà mọ́. Òjò wó o, ẹlẹ́dẹ̀ jáde, wọ́n wọ inú koríko odò tó ga ju èèyàn lọ, wọ́n ń bí, wọ́n ń rẹ̀. Bàbá, ẹ máa ń pa á lówe fún wa pé ìmàdò ì bá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀, a ba ìlú jẹ́. Níbí, ẹlẹ́dẹ̀ gan-an ló di ìmàdò. Irun wọn gùn, imú wọn gùn, ehín yọ lẹ́nu akọ wọn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wọ oko. Ànàmọ́, gbágùúdá, àlùbọ́sà, wọn ò mọ èwo ni ti ta. Tí ẹ bá débẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó rò pé ẹnìkan fi ọkọ́ hú gbogbo ilẹ̀ náà lóru. Àwọn olóko kàn ń tutọ́, wọ́n ń wí pé Ọlọ́run ló mọ̀. Mùsùlùmí ni gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó fẹ́ sún mọ́ nǹkan náà.

Ìjọba wá ní àfi kí wọ́n tán. Bùrò kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹran ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ wọn, tí yóò máa kà wọ́n, tí yóò sì dẹ ọgbà fún wọn. Àwọn kan ti ṣe é ṣáájú mi, àwọn tó ń jẹ ẹ́. Wọ́n á ka mẹ́wàá, wọ́n á kọ méje, mẹ́ta á ti wọ ìkòkò. Ọ̀gá bùrò náà ló ní ẹni tí kò ní jẹ ẹ́ nìkan ló lè kà á pé. Bàbá, torí pé mo jẹ́ mùsùlùmí ni wọ́n ṣe gbà mí. Wọn ò sọ ìyẹn fún yín, àbí?

Iṣẹ́ náà ò lẹ́wà. Lẹ́yìn Àsùbáà, màá mú ọ̀pá àti ìwé kékeré kan, màá rìn létí odò. Màá wá àfọ̀ tí wọ́n yí, màá wo igi tí wọ́n fara ha. Ní ìrọ̀lẹ́ mo máa ń fi ọwọ̀ gbá yanrìn ojú ọ̀nà wọn kó tẹ́jú, kí n lè ka ẹsẹ̀ tuntun láàárọ̀. Mò ń fi àtàǹpàkò wọn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ akọ yàtọ̀ sí abo, àgbà yàtọ̀ sí ọmọ. Èmi tí mò ń wọn aṣọ fún ìyàwó ọlọ́lá, ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni mo wá ń wọn. Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n rí, síbẹ̀ lójoojúmọ́ ni mò ń fi iyẹ̀pẹ̀ ha ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi, kí n tó fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀meje. Awọ ọwọ́ mi ti bó. Ní oṣù ooru, tí afẹ́fẹ́ ń jó bí ẹnu ààrò, iyẹ̀pẹ̀ yẹn máa ń ta mí bí ata.

Bùráímọ̀ tó ń ta bàtà ní Petit Marché ló kọ́kọ́ rí mi, ọmọ àdúgbò wa náà ni. Mo ru àpò èérí ọkà lọ sétí odò, ó bi mí ẹran wo ni mo fẹ́ fi bọ́. Mi ò purọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó ń bọ́ nǹkan ló ni nǹkan. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà lọ́jà ti gbọ́. Àwọn Hausa náà bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́. Aládè ni wọ́n ń pe ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ní ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti gbọ́ orúkọ náà, ẹ̀rín sì pa wọ́n pé onílé ti wá gba ohun ìní rẹ̀. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe?

Èyí tí mi ò lè bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín sí ni ti mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé tí a bá tò fún ìrun, kí èjìká kan èjìká, pé àyè tí a bá fi sílẹ̀ láàárín ìlà, Sàtánì ni yóò dúró síbẹ̀. Níbi tí àwa ọmọ Yorùbá ti ń kírun, àyè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ kù lọ́tùn-ún mi, ó ṣẹ́ kù lósì mi. Kò sẹ́ni tó lé mi. Wọ́n kàn ń sún. Tí mo bá sún mọ́ wọn, wọ́n á tún sún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tí mò ń kírun báyìí, tí mi ò mọ̀ bí ara èèyàn ṣe ń gbóná mọ́. Bàbá, ìyà tó wà nínú rẹ̀ ju ìyà ebi lọ.

Ọ̀rọ̀ ọgbà tí a fi ń mú wọn ló kù, kí ẹ lè mọ ohun tí mo ṣe. Igi àti wáyà la fi mọ ọ́n, a sì fi okùn gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ sókè. A ó máa da èérí ọkà kíkan sínú rẹ̀ lójoojúmọ́, a ò ní fọwọ́ kan okùn, títí ọkàn wọn yóò fi balẹ̀, tí ìyá, ọmọ àti ìbátan yóò fi máa wọlé jẹun bí ẹni wọ ilé bàbá rẹ̀. Ọjọ́ tí gbogbo wọn bá wà nínú rẹ̀ ni a ó fa okùn. Ọ̀gá kìlọ̀ fún mi dáadáa. Ó ní tí ọ̀kan bá wà níta, tó rí bí ilẹ̀kùn ṣe já lu àwọn yòókù, kò ní wọ ọgbà kankan mọ́ títí yóò fi kú, yóò sì kọ́ àwọn ọmọ tó bá tún bí. Ó ní gbogbo wọn tàbí kí n má mú ìkankan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òwe tiwa ni, kì í ṣe tirẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n kí n tó mọ ọ̀gá.

Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Abo àgbà kan ni olórí wọn, etí rẹ̀ kan ti ya dànù, Elétí Kan ni mo ń pè é. Òun ló máa ń wọlé kẹ́yìn. Á dúró lẹ́nu ọgbà, á máa gbóòórùn, á máa wò. Tí ilẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú pátápátá ni yóò tó wọlé. Àkókò Màgàríbì gẹ́lẹ́ sì ni.

Oṣù àwẹ̀ bọ́ sí i. Ní ọjọ́ tí ilẹ̀ máa mọ́ sí ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, gbogbo ọmọ Yorùbá Niamey ń péjọ láti fi òru yẹn ṣàdúrà. Àlùfáà kan wá láti Ìlọrin láti bá wa ṣe wáàsí. Mo ti sọ fún ara mi pé màá dé kí wọ́n tó tò fún Màgàríbì, màá dúró ní ìlà iwájú, kí wọ́n rí mi, kí Bùráímọ̀ rí mi, kí ìròyìn ìyẹn náà délé. Mo wà níbi okùn lẹ́yìn koríko. Mẹ́tàlá ti wọlé, wọ́n ń jẹun. Elétí Kan gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Bàbá, mo ń fi ọkàn bẹ̀ ẹ́, èmi mùsùlùmí, mò ń bẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ládàánì mọ́ṣáláṣí Gamkalley wá ké. Mo sì fa okùn.

Ó fò sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn já níwájú imú rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ inú ọgbà ń han, ó dúró, ó ń wò wọ́n, ó wá wo ibi tí mo wà. Lẹ́yìn náà ló wọ inú koríko. Bàbá Súmáná wà nídìí kànga rẹ̀, ó rí gbogbo rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. Èmi ò dúró gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ. Mo fi iyẹ̀pẹ̀ ha ara, mo ṣàlùwàlá, mo fi dàbínù kan ṣínu, mo sáré. Mo bá rákà kìíní. Mo dúró ní ìlà iwájú. Wọ́n sún. Àyè yẹn náà ni, lọ́tùn-ún àti lósì. Torí àyè yẹn ni mo ṣe fa okùn.

Àwọn sójà yìnbọn pa mẹ́tàlá náà, wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀. Ọ̀gá yìn mí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ku ẹyọ kan. Mi ò kọ ìdí tó fi kù.

Lẹ́yìn ìtúnu àwẹ̀ ni ẹsẹ̀ Elétí Kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Kò gba ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́ mọ́. Ọgbà wà níbẹ̀, èérí wà nínú rẹ̀, kò tilẹ̀ yà síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jìn ju ti tẹ́lẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ti lóyún tàbí ó ti bí. Mo ń tọ ẹsẹ̀ náà lọ, mò ń fi àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n, àfi bí mo ṣe rí i pé oko gbágùúdá Bàbá Súmáná ló forí lé. Kí n tó lanu pè é, mo gbọ́ igbe. Baba náà ti wọ oko láti lọ hú gbágùúdá díẹ̀, kò mọ̀ pé abiyamọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Elétí Kan fi ehín la itan rẹ̀ láti orúnkún lọ sókè. Èmi àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì la gbé e sórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti àlùbọ́sà, a tì í dé ọsibítù.

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò kó tó kú. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ wá oúnjẹ, ó bi mí pé ní ọjọ́ yẹn, ṣé mo bá rákà kìíní. Mo ní mo bá a. Ó ní ó dáa, Irkoy á gbà á, bí wọ́n ṣe ń pe Ọlọ́run lédè wọn nìyẹn. Ó ní kí n má sọ fún àwọn ọmọ òun, pé ọ̀dọ́ ni wọ́n, kò ní yé wọn. Ì bá bú mi, Bàbá! Ì bá ṣépè fún mi, kí n rí nǹkan dì mú!

Bùtá tí ẹ dá padà, òun làwọn ọmọ rẹ̀ rí nínú yàrá mi, òun ni wọ́n fi bu omi wẹ̀ ẹ́. Ẹ ò fẹ́ ẹ fún àlùwàlá, ó sì wẹ òkú mùmíní. Nígbà tí wọ́n tò fún ìrun òkú, mo lọ dúró lẹ́yìn pátápátá bó ṣe ti mọ́ mi lára. Sédù, àkọ́bí rẹ̀, ló wá fà mí lọ́wọ́. Ó mú mi dúró láàárín òun àti àbúrò rẹ̀, wọ́n fi èjìká kàn mí lọ́tùn-ún lósì. Ọdún kan tí mo ti ń wá èjìká tí yóò kàn mí, èjìká àwọn ọmọ tí mo sọ di aláìníbaba ni mo rí.

Mi ò lè gbé e mì. Lánàá, mo lọ bá Sédù nídìí kànga, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí okùn títí dé ìlà iwájú. Ó gbọ́ mi tán. Ó dìde, ó lọ dí ojú omi tó ń ṣàn lọ síbi àlùbọ́sà, kò sì padà wá. Kò lé mi kúrò nínú yàrá náà. Láàárọ̀ yìí, kò kí mi ní fofo. Mo gbọ́ tó ń fa omi, mo jókòó síbi tí mo wà.

Elétí Kan ṣì wà láàyè. Àwọn sójà wá a, koríko ti kún jù. Ó ní ọmọ mẹ́fà báyìí, mo ti ka ẹsẹ̀ wọn. Èmi ni mo ṣì ń da èérí sínú ọgbà ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, òun ló ṣì ń dúró lókèèrè. Ọ̀gá ti fún mi láyè láti wá ṣe Iléyá, lẹ́yìn náà màá padà wá, torí èmi ni mo jẹ́ kó kù, èmi náà ló yẹ kí n dúró dè é. Mi ò ní fa okùn mọ́ kí ó tó wọlé, kódà kí ládàánì mẹ́wàá ké. Ọlọ́run tó ni ìrun mọ ibi tí mo wà.

Bàbá, ẹ ti gbọ́ ọ báyìí. Ohun tí wọ́n ní mo ṣe, mi ò ṣe é. Ohun tí mo ṣe, ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́ fún yín. Àjò kì í dùn kí onílé má rèlé, tèmi ò sì dùn rárá. Ní òwúrọ̀ Iléyá, tí Lèmọ́mù bá ní kí ẹ tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọwọ́ òsì yín. Tí ẹ bá fi àyè ẹnìkan sílẹ̀, màá ti ẹ̀yìn wá, màá dúró sí i. Tí ẹ bá sún, tí ẹ dí i, mi ò ní bínú. Màá kírun lẹ́yìn níbi tí àwọn alágbò ń so àgbò wọn mọ́, màá fi bùtá náà sílẹ̀ fún Ìyá mi, màá sì wọ mọ́tò padà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi àyè náà sílẹ̀, Bàbá, ẹ má bẹ̀rù Sàtánì. Èmi ni mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí yín, á fún Ìyá mi ní ìrọ̀rùn ẹsẹ̀, á dá àwọn ọmọ kéwú yín sí, á sì forí ji Bàbá Súmáná, ẹ bá mi ṣàmín sí ìyẹn kíkan kíkan. Ẹ kí ará ilé, ẹ kí ará òde, ẹ kí Bùráímọ̀ náà bó bá ti délé, ẹ ní mo kí i, ẹ ní kò sí ìjà.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń dúró lósì,
Làmídì.